Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó fẹ́ kọ́ dùùrù títẹ̀ láti ilé lórí fóònù: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìkéré-Èkìtì:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ máa ń dá wa lóhùn níbí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó ti gbà mí lọ́kàn láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin mi kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ń jókòó ti ọkùnrin tí ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méje. Bí ìsìn bá ti parí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri nínú ọgbà, ẹ̀gbẹ́ dùùrù ni ẹ óò bá a, tí yóò máa wo ìka ọkùnrin náà bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Inú ọkùnrin yẹn dùn sí i, ó ń fi ọwọ́ ọmọ náà lé ojú dùùrù, ó sì kọ́ ọ ní orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lè fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ọdún tí ó kọjá ń parí lọ, iṣẹ́ gbé ọkùnrin náà kúrò ní Èkìtì, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ti dùùrù ìjọ wa pa. Ọmọ náà kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo bá a ní ọjọ́ kan tí ó ń fi ìka tẹ etí tábìlì tí a ti ń jẹun, tí ó ń kọ orin náà sínú, n kò sì tíì lè gbàgbé ohun tí mo rí.

Mo wá olùkọ́ kiri Ìkéré. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rí mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún mi tọkàntọkàn pé àwọn kò mọ bí àwọn yóò ti fi kọ́ ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Adó kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ọ̀sán ti máa ń pọ̀n gan-an kí n tó dé ilé, bàbá wọn kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa dá wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Èkó ni ó wá sọ fún mi pé olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ lórí fóònù, ọmọ kan sí olùkọ́ kan, tí wọn yóò sì máa rí ara wọn.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọwọ́ ni a fi ń tẹ dùùrù, etí ni a sì fi ń gbọ́ ọ. Ṣé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ́ láìjẹ́ pé olùkọ́ wà nítòsí tí yóò di ọwọ́ ọmọ mú? A kò tíì ní kíbọ́ọ̀dù nílé. Ṣé kí a kọ́kọ́ rà á ni, àbí kí ọmọ náà fi áàpù dùùrù tí ó wà lórí fóònù gbìyànjú ná? Abẹ́ òkè ni ilé wa wà, nẹ́tíwọ̀kì kì í sì í dúró nínú yàrá. Ti iná ọba, gbogbo wa ni a mọ bí ó ti rí. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ju sọ́fà, ìyẹn dò, re, mí, tí wọ́n kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin. Ǹjẹ́ ìyá tí kò mọ dùùrù lè wúlò fún ọmọ tí ń kọ́ dùùrù?

Olùkọ́ Orin, Adó-Èkìtì:

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Iṣẹ́ dùùrù kíkọ́ni ni mò ń ṣe, láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn pa ni mo sì ti ń kọ́ àwọn kan láti orí ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó san owó kankan, nítorí pé òun ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè jọ tẹ orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù.

Ohùn tí ó bá jáde lọ́dọ̀ yín ní Ìkéré gbọ́dọ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè gbé, kí ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, kí ó dé Èkó, kí ó sì tún di ohùn padà. Èyí sábà máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lásán, a kì í fura sí i. Nínú orin, ó pọ̀ jù. Láàárín àkókò kékeré yẹn, ohùn a ti rin nǹkan bí mítà 34 nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀ṣì gígùn kan tí dùùrù wà ní iwájú pátápátá, tí àwọn tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ń kọ orin tẹ̀ lé e: ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn ti iwájú máa ń dé òpin ìlà kí àwọn ti ẹ̀yìn tó dé ibẹ̀. Bí ó ti máa ń rí lórí fóònù nìyẹn, ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí pé olùkọ́ ń dúró de ọmọ, ọmọ náà ń dúró de olùkọ́, orin náà á sì máa falẹ̀ títí yóò fi dúró. Kò sí fóònù olówó ńlá tí ó lè mú èyí kúrò pátápátá.

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Yóò tẹ ìlà kan, ọmọ yóò tẹ́tí, ọmọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ padà nígbà tí olùkọ́ ti gbé ọwọ́ kúrò. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ ní ẹni tí yóò bá a tẹ̀, yóò gba ohùn ọwọ́ òsì sílẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́, ọmọ yóò gbé e sí orí ẹ̀rọ mìíràn nílé, yóò sì máa tẹ ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ Èkó yẹn bí òun ti máa ń ṣe é. Bí ó bá dá yín lóhùn pé ìfàsẹ́yìn ohùn kò ní í dí òun lọ́wọ́ rárá, a jẹ́ pé kò tíì kọ́ ọmọ púpọ̀ lọ́nà yìí.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti ohùn tí ń gé. Àwọn áàpù tí a fi ń pe ara wa, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n máa ń yọ ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀ kúrò kí ohùn ènìyàn lè yọ, dùùrù tí ó bá sì dún lọ gbọọrọ máa ń jọ ariwo lójú wọn, wọn á sì gé e kúrò. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni ó bàjẹ́. Nínú Zoom, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn áàpù náà, ibì kan wà lára ètò ohùn tí wọ́n kọ Original Sound sí, tí ó wà fún àwọn olórin. Bí ẹ bá ti tàn án, ẹ̀rọ yóò jẹ́ kí ohùn dùùrù kọjá bí ó ti rí. Ẹ má ṣe gbàgbé pé Zoom ọ̀fẹ́ máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40, èyí tí kò burú fún yín, nítorí pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Nípa kíbọ́ọ̀dù, ẹ rà á kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Áàpù dùùrù orí fóònù kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé gíláàsì kì í rì bí a bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀kọ́ ìka sì wà nínú bí ojú dùùrù ti ń rì sílẹ̀ tí ó sì ń dìde padà. Dùùrù ńlá ní ojú 88, funfun 52 àti dúdú 36, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù olójú 61 yóò gbé ọmọ yín dé ibi tí ó jìnnà kí ó tó kéré fún un. Ohun méjì ni kí ẹ má ṣe gbójú fò. Kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ti dùùrù gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe tín-ín-rín fún ìṣeré ọmọdé. Kí ó sì jẹ́ irú èyí tí yóò dún kíkankíkan bí a bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, tí yóò sì dún jẹ́jẹ́ bí a bá fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ohùn rẹ̀ kì í yí padà, bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́, yóò sọ etí ọmọ náà di aláìbìkítà. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ tẹ gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí ń tà á, ẹ sì yí i dé ìsàlẹ̀ láti wò bóyá ó ní àyè bátìrì, nítorí iná.

Ìgúnpá ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ojú kíbọ́ọ̀dù. Tábìlì oúnjẹ wa sábà máa ń ga jù fún ọmọdé, nítorí náà ẹ fi ìrọ̀rí lé àga, kí ẹ sì fi àpótí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà máa rọ̀ dirodiro. Ní ti fóònù, ojú ọmọ kọ́ ni olùkọ́ fẹ́ rí. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí ìwé tí ẹ tò jọ, kí ó ga díẹ̀ ju ọwọ́ lọ, kí ìgúnpá, ọrùn-ọwọ́ àti ìka máràárùn-ún lè hàn pa pọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì wá láti iwájú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Íápíìsì oníwáyà ni kí ẹ lò, nítorí pé ti Bluetooth máa ń fi ìfàsẹ́yìn mìíràn kún èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá ìyá tí kò mọ dùùrù lè wúlò. Mo ti rí i pé ìyá ni ó máa ń pinnu bí ọmọ yóò ṣe tètè mọ̀ ọ́n, bóyá ó mọ dùùrù tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí olùkọ́ kò lè nà kọjá láti Èkó, tiyín ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ fún un ní ọsàn kékeré kan kí ó dì í mú láti òkè, kí ẹ rọra yọ ọsàn náà kúrò, kí ẹ sì fi ọwọ́ náà lé kíbọ́ọ̀dù bí ó ti wà. Ìrísí tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní nìyẹn. Àtàǹpàkò ni ìka 1, ọmọńdinrín ni ìka 5, ní ọwọ́ méjèèjì. Bí ó bá fẹ́ gun ohùn mẹ́jọ láti dò ìsàlẹ̀ dé dò òkè lórí ojú funfun, tí ó ti orí ohùn tí àwọn olórin ń pè ní C bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yóò tẹ ìka 1, 2, 3, àtàǹpàkò yóò gba abẹ́ kọjá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 5. Ẹ kò nílò láti mọ orin kí ẹ tó lè jókòó tì í pẹ̀lú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa wò ó bóyá àtàǹpàkò kọjá lábẹ́ tàbí ó fò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lójoojúmọ́ báyìí yóò ṣe é lóore ju wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé lọ.

Bàbá Akọrin, Ìjerò-Èkìtì:

Ọmọ mi, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo ti ka ohun tí olùkọ́ kọ, òtítọ́ ni, n kò sì ní í tako ọ̀kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ohun kan ń bà mí fún ọmọ yẹn, n óò sì sọ ọ́ láìfi bò.

Kí ẹ tó ronú olùkọ́ kankan ni ọmọ yín ti ní ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi jókòó ti ọkùnrin kan tí ń tẹ dùùrù, ó ń wo bí ó ti ń mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin, bí ó ti ń wo ojú ọ̀gá akọrin, bí ó ti ń dúró díẹ̀ ní òpin ẹsẹ kí ìjọ lè mí. Ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ Àyàn ń gbà di onílù. Ọmọdé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Ìlù kékeré ni wọ́n máa ń fún un, tí yóò máa lu ohun kan ṣoṣo lálùtúnlù, ó sì lè wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo àkókò yẹn ni etí rẹ̀ fi wà lẹ́nu ìyáàlù tí bàbá rẹ̀ ń lù. Àárín orin ni ó ti ń kọ́ orin. Ọmọ tí ó bá ń dá tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú yàrá, tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì lè bá a tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lè mọ ìka gan-an kí ó má sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn rìn nínú orin.

Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀kọ́ orí fóònù náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá wà. Ẹ ní dùùrù wà ní títì nínú ìjọ yín. Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ lọ bá àwọn alàgbà, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí ọmọ náà lè máa lò ó fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin bá ń dánrawò, kí ó tẹ ohùn kan ṣoṣo ti orin kan ṣoṣo, kí àwọn akọrin sì kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí fóònù kò lè fún un ni yóò rí gbà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní sọ́fà lọ́wọ́, ẹ sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan. Bí ọmọ yín bá ti ń fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ilé-ìwé, tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀, etí rẹ̀ ti ń ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni pé dò, re, mí tí a fi ń kọ́ àmì ohùn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú dò, re, mí ti orin, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ kò ní ìwọ̀n gíga kan pàtó tí ó gbọ́dọ̀ dé, ó kàn gbọ́dọ̀ ga tàbí kí ó rẹlẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n etí tí ó ti ń ṣe ọ̀kan kò ní í pẹ́ kọ́ èkejì. Kí ó máa kọ ọ́ lẹ́nu ní sọ́fà kí ó tó fi ọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ìyẹn ni ẹ óò kọ́ ọ, ẹ kò sì nílò dùùrù fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ọyẹ́-Èkìtì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Fáólìnì ni èmi ń kọ́ lórí ẹ̀rọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ti ẹni tí ó jókòó sí ìhà akẹ́kọ̀ọ́.

Olùkọ́ tí mo kọ́kọ́ ní mọ fáólìnì dáadáa, ṣùgbọ́n ojú mi nìkan ni ó máa ń rí nínú fóònù, kò sì béèrè rí pé kí n gbé kámẹ́rà sí ibòmíràn. Oṣù mẹ́rin kọjá kí èjìká òsì mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Nígbà tí mo yí sí olùkọ́ mìíràn, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n sún fóònù sẹ́yìn kí òun lè rí mi láti orí dé orókún, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó sì rí i pé èjìká ni mo fi ń há fáólìnì mọ́ ọrùn. Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ kí ara mi tó gbàgbé èyí tí mo ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ wa Adó sọ nípa ibi tí fóònù yóò wà, mà, ẹ mú un ní ọ̀kúnkúndùn.

Ní ti nẹ́tíwọ̀kì, ẹ mú fóònù rìn yí ilé ká ní aago tí ẹ̀kọ́ yóò máa wáyé gan-an, kì í ṣe ní òwúrọ̀, nítorí pé ibi tí ó dára ní òwúrọ̀ lè má dára ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ti wà lórí ẹ̀rọ. Nínú ilé tí mò ń gbé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nìkan ni ó dúró, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Wákàtí kan lórí Zoom lè jẹ nǹkan bí ìdajì gígábáìtì bí àwòrán bá wà ní ìwọ̀nba, ó sì lè kọjá gígábáìtì kan bí ó bá mọ́ kedere. Ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀ pátápátá, èmi àti olùkọ́ mi ti ní àdéhùn: n óò gba ara mi sílẹ̀ ní fídíò, n óò fi í ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ọ̀nà bá ti já gaara, òun náà yóò sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ́ ohun púpọ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo máa ń gbà á sílẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì máa ń gbọ́ àṣìṣe mi kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Ẹ bá olùkọ́ Èkó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ owó ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀ má baà di ìjà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìkéré-Èkìtì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidigidi. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín nípa kọ́kọ́rọ́ dùùrù wọ̀ mí lára, nítorí pé kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti béèrè. N óò lọ bá àwọn alàgbà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

Mo ti bá olùkọ́ Èkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó dá mi lóhùn dáadáa nípa ìfàsẹ́yìn ohùn, ó sì ní òun máa ń fi ọwọ́ òsì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ. Ṣùgbọ́n ó mẹ́nu ba ìdánwò onípele mẹ́jọ tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe, ó ní ọmọ náà lè ṣe é láti ilé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó sì pọn dandan? Ó tún ní orí ìlà márùn-ún tí a ń kọ àmì orin lé ni òun yóò ti kọ́ ọ láti máa ka orin, kì í ṣe sọ́fà.

Olùkọ́ Orin, Adó-Èkìtì:

Òótọ́ ni, mà. ABRSM ni wọ́n ń pe àjọ náà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1889, ìdánwò rẹ̀ sì ní ìpele 1 títí dé ìpele 8. Tẹ́lẹ̀, iwájú olùdánwò ni a gbọ́dọ̀ jókòó sí, ṣùgbọ́n ní ọdún 2020 ni wọ́n mú irú kan jáde tí a ń fi fídíò ṣe: ọmọ yóò tẹ orin mẹ́rin léraléra láìdá fídíò dúró, a óò sì fi í ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìpele 6, 7 tàbí 8 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìpele 5 ti ìmọ̀ orin, tàbí ìdánwò mìíràn tí àjọ náà gbà dípò rẹ̀.

Kò pọn dandan. Ẹ jẹ́ kí ó lo ọdún kan gbáko láìgbọ́ orúkọ ìdánwò. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi oṣù mẹ́wàá tẹ àwọn orin ìdánwò nìkan, tí wọ́n sì yege, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè tẹ orin ìyìn kan fún ìyá wọn. Ìdánwò wúlò nígbà tí ọmọ bá ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà tí ó sì fẹ́ mọ ibi tí òun dé, tàbí bí ó bá ní in lọ́kàn láti kọ́ orin dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Nípa ìlà márùn-ún àti sọ́fà, kí ó kọ́ méjèèjì. Sọ́fà tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, látinú iṣẹ́ Sarah Glover, ẹnu àti etí ni ó wà fún, ó sì dára púpọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n bí ìka mẹ́wàá bá ń tẹ ohùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ni ojú máa ń tètè kà. Olùkọ́ Èkó kò ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí sọ́fà ẹnu rẹ̀ kú.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí n kò fẹ́ gbàgbé. Orí nọ́ńbà yín ni kí ẹ̀kọ́ náà máa gbà wọlé, kí ilẹ̀kùn yàrá wà ní ṣíṣí, kí àgbàlagbà kan sì wà nílé nígbà gbogbo tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Kí olùkọ́ má ṣe máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ láìgba ọ̀dọ̀ yín. Olùkọ́ rere kò ní í bínú sí èyí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń béèrè fún un lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìkéré-Èkìtì:

Mo padà wá láti jábọ̀. A ti ra kíbọ́ọ̀dù, tòkunbọ̀ olójú 61 ni, mo sì tẹ gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Ojú méjì kò dún lára èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá, a sì dá a padà. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ni nẹ́tíwọ̀kì ti dúró ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ibẹ̀ ni a gbé àga sí, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ sì ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Àwọn alàgbà fún wa ní kọ́kọ́rọ́ fún ọjọ́ Sátidé.

Bàbá, ó ní kí n bi yín léèrè ohun kan. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ sọ́fà, ojú funfun ni òun máa ń bá dò, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá dò lè wà lórí ojú dúdú.

Bàbá Akọrin, Ìjerò-Èkìtì:

Ẹ bá mi kí i gidigidi. Ẹ sọ fún un pé dò lè wà lórí ojú èyíkéyìí, nítorí pé ẹni tí ń kọrin ni ó ń yan ibi tí yóò gbé dò kalẹ̀. Kí ó wo àwọn ojú dúdú dáadáa: yóò rí i pé méjì wà pọ̀, mẹ́ta sì wà pọ̀. Kí ó fi ìka sí èyí tí ó wà ní òsì jù nínú àwọn mẹ́ta, kí ó pe ìyẹn ní dò, kí ó sì tẹ ojú dúdú márùn-ún tẹ̀ léra wọn lọ sí apá ọ̀tún láìfọwọ́ kan funfun kankan. Yóò gbọ́ dò, re, mí, sò, là. Ohùn márùn-ún yẹn tó láti tẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin tí àwọn ọmọdé ń kọ ní òṣùpá ní ilẹ̀ wa. Kí ó wá ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀yin kọ́ ọ, kí ó tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ojú dúdú nìkan, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ fún mi kí n gbọ́.